Níbi Tí Ojú Àpá Yẹ Kó Wà

Inú àpótí pákó ló bá dé, lọ́jọ́ Ẹtì, òjò ń wẹ adágún.
Èmi ni mo fi irin já pákó, èmi ni mo bọ́ ọ̀rá lára rẹ̀,
mo sẹ́yìn díẹ̀, mo ní: áà, ìwọ náà rèé.
Iná iwájú rẹ̀ rogodo bí ojú òwìwí,
táńkì rẹ̀ yọ bí ikùn aboyún oṣù méje,
pupa fòò, ìlà wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀;
àga gbọọrọ, tí wọ́n rán
bí wọ́n ṣe ń rán an kí ìyá mi tó bí mi.

Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ni mí. Ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ni iṣẹ́ mi.
Èyí tó o pè ní kábúrétọ̀ yẹn, òfìfo ni.
Mo fi èékánná kàn án, ó dún bí agolo.
Kọ̀ǹpútà tí kò ju páálí ìṣáná lọ ló ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì,
ó sá pamọ́ sábẹ́ àga bí ẹni jẹ gbèsè.
Àwọn irin pẹlẹbẹ tó tò yí sílíńdà ká,
tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá nígbà kan láti tù ú lára,
omi ló ń tù ú báyìí. Wọ́n kàn wà níbẹ̀ ni,
bí ilà tí a fi tìróò fà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí a kò kọ nílà.

Tiziano ló rà á, ní gbèsè ọdún mẹ́rin.
Kọfí ló ń tà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Lecco.
Ó ní òun ò fẹ́ àwọn tó rí bí eṣú,
tí ènìyàn ń dojú bolẹ̀ gùn bí ẹni ń wá owó tó já bọ́.
Irú ti bàbá àgbà òun lòun fẹ́,
ọkùnrin tó kú kí wọ́n tó bí i,
tó jẹ́ pé fọ́tò kan ló fi mọ̀ ọ́n:
Osvaldo, sìgá lẹ́yìn etí, ìyàwó lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyàwó yẹn ló ń bọ̀ yìí, Ermellina, tòun ti ọ̀pá.
Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan,
ó fọwọ́ ra táńkì lápá òsì, nísàlẹ̀, níbi orúnkún,
ó ń wá nǹkan. Kò rí i.
“Ibí ló fi lu ògiri ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa.
Oṣù mẹ́fà ni bàbá mi ò fi bá a sọ̀rọ̀.”
Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wá irin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀.
Mo ní, màmá, bọ́tìnnì ni.
Ó ní, “Bọ́tìnnì?” bí ẹni pé mo ní a ti ń fi fóònù bímọ.

Tiziano tẹ̀ ẹ́. Ó jí.
Kò wúkọ́, kò sín, kò dúró gba ẹ̀bẹ̀.
Ohùn rẹ̀ dùn; àwọn kan ló jókòó ti makirofóònù
títí ó fi dún bí ohun tí ènìyàn ń rántí.
Ìyá àgbà fimú fa afẹ́fẹ́. Kò sí òórùn òróró.
“Ó mọ́ jù. Ó dà bí Osvaldo nínú pósí:
wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ya irun rẹ̀ sí apá tí kì í yà á sí.”

Ojú ọmọ náà wálẹ̀. Èmi náà ń wo bàtà mi.
Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà;
èyí tó kù nínú òwe yẹn, mo gbé e mì.

Ló bá fa síkẹ́ẹ̀tì sókè díẹ̀.
Àpá kan wà lójúgun ọ̀tún, ó ń dán bí owó tuntun.
“Sáílẹ́ńsà ló jó mi, a ń lọ ra wàràkàṣì ní Valsassina.
Ẹ gbé mi gùn ún.”

Wọ́n lọ. Mo gbálẹ̀, mo kó pákó jọ, mo tún un kó.
Nígbà tí wọ́n dé, ó kọ́kọ́ tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀,
lẹ́yìn náà irin tí wọ́n fi bo sáílẹ́ńsà kó má baà pa ènìyàn lára.
“Kò jó mi,” ló wí.
Mi ò mọ̀ bóyá ọpẹ́ ni, àbí ó ń fẹjọ́ sùn mí.